Love: Ọ̀rọ̀ Kékeré, Ẹrù Ńlá

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ẹnu ń là kó tó parí. Ahọ́n á kan ẹ̀yìn eyín òkè, á bọ́ sílẹ̀, ẹnu á yà díẹ̀, eyín òkè á wá lé sórí ètè ìsàlẹ̀, atẹ́gùn á sì máa kùn jáde láàárín wọn. Ìró ìkẹyìn yẹn kò sí nínú Yorùbá, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń pè é ní "lọ́ọ̀fù". Àwọn tó ni èdè gan-an kò pè é bákan náà. Ní Lọ́ńdọ̀n àti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì àárín rẹ̀ bọ́ sí agbedeméjì "a" àti "ọ" tiwa. Ní Leeds, ní Sheffield, ní Manchester, ètè á ṣù jọ, ó sì di ohun tó sún mọ́ "lúfù". Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ilẹ̀ náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí lẹ́nu ẹni tí kò rí rí, kó sì mọ apá ibi tí wọ́n ti bí i.

Àwọn ará àríwá ló sún mọ́ ti àtijọ́ jù. Ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, "lufu" ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwọn akọ̀wé tó ń fi kálàmù àti yíǹkì da ìwé kọ ló yí i padà nígbà tó yá. Lọ́wọ́ wọn, "u", "v", "n" àti "m" jẹ́ ìlà kúkúrú kúkúrú tó dúró ti ara wọn. Bí irú wọn bá tò léra, ojú á dàrú, èèyàn ò ní mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá fi "o" rọ́pò "u" kí ojú lè ríbi dúró lé. Bí wọ́n ṣe ṣe "son", "come", "monk" àti "wonder" náà nìyẹn. Wọn ò sì tíì ya "u" àti "v" sọ́tọ̀ nígbà náà, èyí tó fi jẹ́ pé "loue" ni ẹ ó bá nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láyé Shakespeare. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti wo ọ̀rọ̀ náà báyìí, ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí "l" iwájú nìkan ni ọwọ́ àwọn akọ̀wé kò kàn.

Ìdílé rẹ̀ tún gbòòrò ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. "Liebe" tí àwọn ará Jámánì ń lò jẹ́ ìbátan rẹ̀. "Believe", kí èèyàn gbà gbọ́, ti inú gbòǹgbò kan náà yọ. "Libido", ọ̀rọ̀ Látìn fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, inú gbòǹgbò yẹn náà ló ti yọ. Ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ jọ jẹ́ ọmọ ilé kan. Irú ìdàpọ̀ báyìí ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ yìí níbi tó ti fúyẹ́ jù lọ, ẹ lọ sí Kirkgate Market láàárín ìgboro Leeds, níbi tí àwọn ẹlẹ́ja àti alápatà ti ń tajà lábẹ́ òrùlé kan. Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù á na ọ̀rá ẹja sí ìyá àgbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, á ka ṣéńjì lé e lọ́wọ́, á ní "There you go, love." Ìyá náà á gbà á, á ní "Ta, love", á bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dẹnu ìfẹ́ kọ ẹnì kan níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ fún èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ní Yorkshire, àgbà ọkùnrin a máa fi pe ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ibòmíràn ní tirẹ̀: ní Nottingham àti Stoke, "duck" ni wọ́n ń pe èèyàn, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ, ní Newcastle, "pet", ní Glasgow, "hen", obìnrin sì ni wọ́n ń fi pè, ní Bristol àti Cornwall, "my lover", èyí tó lè já àlejò láyà bó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún un.

Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ti fi "ẹ̀yin" àti "mà" tọ́ dàgbà, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ó tiẹ̀ lè rò pé wọ́n rí òun fín. Ṣùgbọ́n bó bá rántí ọjà ilé, ara á tù ú. Ní Bódìjà, obìnrin tí kò mọ̀ yín rí á ké sí yín pé, "Ìyá mi, ẹ wá ra tòmátì." Kò sọ pé ẹ̀yin lẹ bí òun. Ó fi orúkọ ẹbí gbé yín jókòó ni, kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé irú orúkọ ẹbí bẹ́ẹ̀ jù sílẹ̀ láàárín àlejò sí àlejò. Wọn kì í pe obìnrin ojú pópó ní ìyá. "Love" ló wá ń bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ní ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Lórí igbá ọjà, ọ̀yàyà ni. Nínú ọ́fíìsì, bí ọ̀gá ọkùnrin bá pe òṣìṣẹ́bìnrin rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ìpàdé, ọ̀pọ̀ obìnrin á kà á sí àfojúdi, wọn ò sì jẹ̀bi.

Láti ibi ìsọ̀ ẹja, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ kan náà ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1526, William Tyndale parí títẹ Májẹ̀mú Tuntun lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Worms ní Jámánì. Òfin kò fàyè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, inú ìdì aṣọ àti ẹrù oníṣòwò ni wọ́n ti ń gbé e wọlé. Nígbà tí Tyndale dé orí kẹtàlá ìwé Kọ́ríńtì Kìíní, ó bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà "agape" pàdé. Bíbélì Látìn ti pè é ní "caritas", àwọn oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ìyẹn di "charity" láti ọjọ́ pípẹ́. Tyndale kò tẹ̀ lé wọn. "Love" ló kọ.

Inú bí Thomas More. Agbẹjọ́rò ni, ọ̀mọ̀wé ni, ọba fi í sí ipò Lord Chancellor ní ọdún 1529, ọdún yẹn náà ló sì gbé ìwé ńlá kan jáde tó fi ta ko Tyndale. "Love" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tó dárúkọ pé Tyndale fi ń yí ẹ̀sìn po. Ohun tó ń sọ kò ṣòro láti yé ẹni: "charity" jẹ́ ìfẹ́ mímọ́, èyí tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá; "love" ni gbogbo ayé ń lò fún ohun gbogbo, títí kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin lórí ẹní. Kí ló dé tí èèyàn á mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò láàárín òru lọ síwájú pẹpẹ? Tyndale fèsì ní ọdún 1531. Ó ní "charity" lẹ́nu àwọn ará ìlú kì í ṣe ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ. Àánú tí a ń ṣe fún tálákà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Love" ni ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ àti alágbàṣe mọ̀.

Àwọn méjèèjì ò kú ikú oorun. Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n bẹ́ orí More ní oṣù Keje ọdún 1535, nítorí pé kò gbà pé ọba ni olórí ìjọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1536, wọ́n fún Tyndale lọ́rùn ní Vilvoorde, nítòsí Brussels, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀. Ìjà ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn kú. Bíbélì ti Ọba James tó jáde ní ọdún 1611 kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ Tyndale, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí kẹtàlá yẹn, ó padà sí "charity". Ó tó ọdún 1881, nígbà tí wọ́n tún Májẹ̀mú Tuntun ṣe, kí "love" tó padà sí àyè rẹ̀. Lónìí, tí ẹ bá sọ "charity" ní Lọ́ńdọ̀n, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gbé agolo owó kiri ni wọ́n á rò, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù.

Ti Tyndale ni èmi ń ṣe. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, náà ṣe ti Tyndale. "Ìfẹ́" ni wọ́n kọ sí orí kẹtàlá yẹn, ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń lò nígbà tó bá ń dẹnu kọ ọmọge. Bẹ́ẹ̀, wọ́n lè wá ọ̀rọ̀ tó le, èyí tí àwọn àlùfáà nìkan á máa pè. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ Bíbélì náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó tó rò pé wọ́n ti ba ohun mímọ́ jẹ́. Ohun tí More kò rí ni pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò nílé ló lè wọ inú ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lójú kan. Àwọn tó ka eré Shakespeare tó ń jẹ́ Julius Caesar nílé ẹ̀kọ́ girama á rántí pé Brutus dìde síwájú àwọn ará Róòmù lẹ́yìn tó ti lọ́wọ́ nínú ikú Késárì, ó sì pè wọ́n ní "lovers". Ọ̀rẹ́ ló ń pè wọ́n. Ní ọdún 1599, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Lọ́ńdọ̀n, kò sí ẹni tó máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Lónìí, ẹni tó bá pe ọkùnrin kan ní "lover" obìnrin kan ti fi ẹ̀sùn kàn án. Nínú Emma, ìwé Jane Austen tó jáde ní ìparí ọdún 1815, òǹkọ̀wé sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Elton ń "make love" sí Emma nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ọ̀dọ́ tó bá kà á lónìí á dákẹ́ lójijì, á padà kà á. Kò sí ohun kankan tó ṣẹlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà ju pé ọkùnrin náà, tó ti mu wáìnì díẹ̀, di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú, tó sì ń rọ òjò ọ̀rọ̀ pé kó fẹ́ òun. Ìtumọ̀ àtijọ́ nìyẹn, kí èèyàn máa dẹnu kọ obìnrin. Láàárín ọ̀rúndún ogún, ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu, ó lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún mọ ọgbọ́n kan tí mo kà sí iṣẹ́ ọnà: ọ̀rọ̀ tíńtín, "in", tí wọ́n ń fi síwájú rẹ̀. "I love her" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ sí ìyá rẹ̀, tàbí ti bàbá sí ọmọbìnrin rẹ̀. "I am in love with her" kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Èèyàn ti bọ́ sínú nǹkan kan, bóyá yóò jáde tàbí kò ní jáde kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé rí bí ọ̀rọ̀ tíńtín yìí ṣe lágbára tó ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1981. Ọmọba Charles àti Diana Spencer dúró síwájú kámẹ́rà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó. Oníròyìn bi wọ́n bóyá wọ́n wà "in love". Ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, dáhùn kíá pé bẹ́ẹ̀ ni, dájúdájú. Ọmọba ní ohunkóhun tí "in love" bá túmọ̀ sí. Kò sọ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀. "In" yẹn ló gbé sọ́wọ́ tó ń yí i wò, àwọn èèyàn kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ní Kàtídírà St Paul, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara wọn láti fẹ́ràn ara wọn àti láti kẹ́ ara wọn. Ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti to "cherish" ti "love" nínú ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó láti ọdún 1549, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan kò lè dá gbé e. "Obey", pé ìyàwó á máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, ni Diana yọ kúrò nínú tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí ìyá Charles, Ọba Edward Kẹjọ, ti fi hàn ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1936 ohun tí ọ̀rọ̀ kan yìí lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Lórí rédíò, ó sọ fún gbogbo ilẹ̀ ọba rẹ̀ pé òun kò lè ru ẹrù ìjọba láìsí obìnrin tí òun fẹ́ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Wallis Simpson, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni obìnrin náà. Adé bọ́ sórí àbúrò rẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tú ẹrù náà. C. S. Lewis, ọmọ Belfast tó kọ́ni ní Oxford àti Cambridge, ya orí ìwé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún oríṣi mẹ́rin nínú The Four Loves, tó jáde ní ọdún 1960. Èdè Gíríìkì ló yá ìpínyà náà lọ́wọ́ rẹ̀: "storge", ìfẹ́ ẹbí àti ti ojúlùmọ̀ tó ti pẹ́, "philia", ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, "eros", ti olólùfẹ́, àti "agape", èyí tí Tyndale àti More jà lé. Ṣùgbọ́n kó tó kan èyíkéyìí nínú wọn, ó ní láti kọ́kọ́ dúró ti ìfẹ́ tí èèyàn ní sí òkè àti igbó, àti sí ilẹ̀ baba rẹ̀, nítorí "love" náà ni wọ́n ń pe ìwọ̀nyẹn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú ìwé náà ni ibi tó ti sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọkàn òun gbọgbẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ohunkóhun, ẹranko pàápàá. Joy Davidman, ìyàwó rẹ̀, ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ nígbà náà. Oṣù Keje ọdún tí ìwé náà jáde ló kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa retí ibi tí "love" ti jẹ́ òfo. Lórí pápá tẹníìsì ni. Adájọ́ tó jókòó sórí àga gíga á ké pé "fifteen-love", ìyẹn ni pé ẹnì kan ti gba àmì ayò, ẹnì kejì kò ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ Faransé fún ẹyin, nítorí pé ẹyin rí roboto bí òdo, ló di "love" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò gbà á. Àwọn tó ń ta káàdì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe òdo ní "love" láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí ẹnikẹ́ni tó ta tẹníìsì lórí koríko, kí ìdíje Wimbledon sì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Ẹni tó bá ń ta ayò láìfi owó sílẹ̀, wọ́n á ní ó ń ta á "for love": kò sí èrè, ìfẹ́ ayò nìkan ló mú un jókòó. Láti ibẹ̀, ẹni tí kò ní àmì ayò kankan ń ta á fún ìfẹ́ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, Iga Świątek, ọmọ Poland, fún Amanda Anisimova, ọmọ Amẹ́ríkà, ní òdo méjì ní àṣekágbá Wimbledon: 6-0, 6-0. Ìṣẹ́jú 57 ló gbà. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ ní àṣekágbá obìnrin níbẹ̀ láti ọdún 1911, tí Dorothea Lambert Chambers fi irú ẹ̀ lu Dora Boothby. Anisimova wọnú ilé lọ sunkún, ó sì padà jáde wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, tó wọkọ̀ òfúrufú dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà láti wò ó, ohùn rẹ̀ gé. Mo wo apá yẹn, mo sì gbàgbé ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ọjọ́ náà ni "love" ti wà lórúkọ rẹ̀ lórí pátákó àmì ayò; nínú ìdúpẹ́ tó ṣe fún ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ gangan, kò tiẹ̀ ní láti pè é.

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú oko pẹ̀lú. Tòmátì ni wọ́n ń pè ní "love apple" láyé àtijọ́. Òdòdó kan tún wà tí wọ́n ń pè ní "love-lies-bleeding", ìfẹ́ tó dùbúlẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó gùn, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀ láti orí igi rẹ̀. Ẹbí tẹ̀tẹ̀ wa ni. Ewé ọbẹ̀ tó ń jẹ́ "lovage" kò bá wọn tan ní tirẹ̀: Látìn ló ti wá, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fa "love" mọ́ ọn.

Àwọn oníṣòwò kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1976, nígbà tí gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ìlú New York, ayàwòrán kan, Milton Glaser, jókòó sẹ́yìn takisí kan, ó fi kẹ̀rẹ́yọ́nù pupa ya "I", ọkàn kan, àti "NY" sára àjákù àpò ìwé. Kò gba owó lórí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọkàn pupa náà ti di ọ̀rọ̀ ìṣe tí ojú ń kà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, McDonald's bẹ̀rẹ̀ ìpolówó "I'm lovin' it" ní ìlú Munich. Àwọn olùkọ́ èdè ti ń sọ fún ọmọ iléèwé tipẹ́ pé "love" kì í gba "-ing" bẹ́ẹ̀, pé ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ bí ìgbà tí à ń jẹun. Ilé oúnjẹ náà sọ ọ́ di ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ bí ìgbà tí à ń jẹun.

Ibòmíràn sì wà tó yẹ kí ọmọ wa tó bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Bí ẹ bá pe Gẹ̀ẹ́sì kan wá jẹun nílé yín, tó sì dáhùn pé "I'd love to", ẹ ní sùúrù kí ẹ gbọ́ ìyókù. Bí "but" bá tẹ̀ lé e, kò ní wá. Ó fi ìfẹ́ wé "rárá" kí ó má baà dùn yín ni. Ìwà ọmọlúàbí ni, kì í ṣe irọ́, àwa náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń ná ọ̀rọ̀ kan káàkiri báyìí, nídìí ẹja, nídìí ayò, nídìí àkàrà oníẹran, ó yẹ kó ti ṣá. Kò ṣá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn èèyàn tó há sínú ilé gogoro méjì ní New York àti sínú àwọn ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n já gbà rí fóònù pe ilé. Àwọn kan bá ẹni tí wọ́n ń wá, àwọn kan bá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. "I love you" ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ, tí wọ́n sì tún un sọ. Ian McEwan, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Guardian lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí orin àti fíìmù ti lò gbó ni, síbẹ̀ òun ni wọ́n ní láti fi dojú kọ ìkórìíra àwọn apànìyàn. Mo rò pé nítorí pé ó ti wà lẹ́nu wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣe rí i lò. Ẹni tí ilé ń jó lé lórí kò ráyè wá ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí ní Peckham àti Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀n, náà ti mú un lò. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á yára ní "Love you, Mum", ọ̀rọ̀ méjì á lẹ̀ mọ́ra, "I" iwájú á ti fò. Ìyá tó dàgbà sí Òṣogbo kì í sábà dá a padà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa sọ pé ìyá àwọn kì í sọ ọ́, inú wọn kò sì dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá náà ń sọ. Ó ń sọ pé, "Ó dàárọ̀ o, Àdùkẹ́." Oríkì nìyẹn, ẹni tí wọ́n du kíkẹ́ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kí wọ́n tó rí i kẹ́; Àjíkẹ́ ni òmíràn, ẹni tí wọ́n jí tí wọ́n sì ń kẹ́. "Cherish" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dì mọ́ "love" lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló fi ń pe ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ó sì yẹ kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ náà kó là á yé e.